Ibi tí Akọ àti Abo ti ń Yọ lára Igi Páìnì: Ìṣòro Orúkọ nínú Kíkọ́ Ìmọ̀ Ewéko ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ewéko, ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ẹni pé kò lè fa wàhálà rárá: níbo ni akọ kóònù àti abo kóònù ti máa ń yọ lára igi páìnì? Ìdáhùn tí ó wà nínú ìwé kò ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ. Abo a máa yọ ní ṣóńṣó ọ̀mùnú tuntun, pàápàá lórí àwọn ẹ̀ka òkè. Akọ a máa yọ ní ìṣùpọ̀ ní ìdí ọ̀mùnú tuntun, pàápàá lórí àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ojú èdè nìkan wò ó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí Yorùbá kò ní. Òkè wà, ìsàlẹ̀ wà, ṣóńṣó wà, ìdí wà, ọ̀mùnú àti ẹ̀ka wà. Akọ àti abo kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú èdè.

Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè há gbólóhùn méjì yìí sórí, kí ó gba máàkì lé e, kí wọ́n wá kó kóònù sí i lọ́wọ́, kí ó sì pe abo ní akọ. Àìtó ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ń fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lò ti ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu àwùjọ kí wọ́n tó wọ kíláàsì, iṣẹ́ àtijọ́ yẹn ni wọ́n sì ń bá lọ níbẹ̀. Mẹ́ta nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí tọ pinpin: ‘èso’, ‘akọ’, àti ‘páìnì’ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré lásìkò yìí. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan péré lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba tí ó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ fagi lé ìlànà náà, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Kò sí ìgbà tí irú àríyànjiyàn yìí wáyé tí ẹnì kan kò ní dìde láti sọ pé èdè ilẹ̀ yìí kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi àròyé dá lóhùn. Ẹ̀kọ́ kan tí ó yè kooro, tí ọmọ gbọ́ tí ó sì yé e, ni ó lè dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ kóònù páìnì sì jẹ́ ibi tí ó dára láti gbé e yẹ̀ wò, nítorí pé ó kéré, ó sì kún fún ọ̀fìn.

Kóònù kì í ṣe èso

Páìnì wà lára àwọn igi tí irúgbìn wọn wà ní ìhòòhò. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí ẹran èso tí ó bo irúgbìn náà bí ẹran ọsàn ti bo hóró rẹ̀, kò sì sí èèpo tí ó dì í mọ́nú bí èèpo ẹ̀wà. Orí ìpẹ́ ni irúgbìn jókòó sí. Ní ti páìnì, irúgbìn méjì méjì ni ó máa ń wà lórí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìpẹ́ náà a sì tò yí igi tín-ín-rín kan ká, èkejì lé èkíní. Nígbà tí wọ́n bá gbó, tí ọ̀dá sì mú, ìpẹ́ a là, irúgbìn tí ó ní ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí òjò bá rọ̀, ìpẹ́ a tún padé. Olùkọ́ tí ó bá rí ògbólógbòó kóònù kan ṣoṣo he lè fi èyí han kíláàsì láìná kọ́bọ̀: kí ó rì í sínú omi fún wákàtí díẹ̀ kí àwọn ọmọ rí i bí ó ti ń padé, kí ó sì gbé e sóòrùn kí wọ́n rí i bí ó ti ń là.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe nǹkan yìí ní èso páìnì, wọn a sì máa pe kékeré rẹ̀ ní òdòdó. Lọ́jà, kò sí ẹni tí yóò torí rẹ̀ bá ẹnìkejì jà. Nínú kíláàsì ìmọ̀ ewéko, ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àìní òdòdó àti àìní èso gan-an ni ó ya àwọn igi wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára máńgòrò, ọsàn àti ìrókò. Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbọ́ ‘èso páìnì’ yóò béèrè ibi tí akọ èso wà. Èso kì í ní akọ.

Ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ń wá orúkọ. Àyálò ni èkíní: kóònù. Ó rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ọmọ tí kò rí i rí, olùkọ́ ìṣirò sì ti ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tí ìdí rẹ̀ rí róbótó tí orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Àpèjúwe ni èkejì. Ohun tí ojú ń rí lára kóònù ni ìpẹ́, ìpẹ́ bíi ti ẹja, tàbí kí ó tilẹ̀ jẹ́ bíi ti ẹ̀yìn akíka, tí wọ́n tò léra tí wọ́n sì di ìdì kan ṣoṣo. Nítorí náà, ‘ìdì-ìpẹ́’ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lábàá, òun ni yóò sì lò láti ìhín lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó bá akọ mu, ó sì bá abo mu, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ní ìpẹ́. Àwọn igi tí ń yọ ọ́ yóò jẹ́ igi onídì-ìpẹ́. Irú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ti lo ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990.

Ọ̀mùnú, ìdí àti ṣóńṣó

Irú páìnì tí ó wà láyé lé ní 100. Èyí tí ó rọrùn jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni páìnì ilẹ̀ Yúróòpù tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Pinus sylvestris, tí ó ń hù láti Skọ́tílàǹdì títí wọ Rọ́ṣíà lọ. Nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ wọn, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ọ̀mùnú tuntun a yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka, a nàró bí àbẹ́là. Ara ọ̀mùnú yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀mùnú tí yóò bá yọ akọ, ìdí rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́, níbi tí ewé abẹ́rẹ́ ì bá ti hù. Akọ kì í dá yọ. Ìṣùpọ̀ ni, ọ̀pọ̀ lójú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní gígùn. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n. Lábẹ́ ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àpò kéékèèké méjì wà tí lẹ́búlẹ́bú kún inú wọn. Ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, àpò náà a bẹ́, atẹ́gùn a sì gbé lẹ́búlẹ́bú lọ bí èéfín. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ akọ ti gbẹ, ó ti já bọ́. Ibi tí ó ti yọ a wá wà ní gbalasa láìsí ewé, nítorí pé ewé kò hù níbẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ẹ̀ka tí ó ti pẹ́ diẹ̀ yóò rí àwọn àlàfo wọ̀nyí ní ìtòtẹ̀léra, ọdún kọ̀ọ̀kan àti tirẹ̀. Akọ ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ó jókòó sí ṣì wà níbẹ̀.

Abo kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó ọ̀mùnú ni tirẹ̀, ọ̀kan, tàbí méjì, tàbí díẹ̀ sí i. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ju hóró ẹ̀wà lọ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ yọ, débi pé ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń wá yóò wò ó kọjá. Ìpẹ́ rẹ̀ a là díẹ̀ kí lẹ́búlẹ́bú lè ráyè wọlé. Lẹ́nu ẹyin kọ̀ọ̀kan, omi kan a sun jáde, ẹ̀kán kan péré. Lẹ́búlẹ́bú tí afẹ́fẹ́ gbé dé a lẹ̀ mọ́ ọn, bí omi náà bá sì ti ń fà padà ni yóò fà á wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìpẹ́ yóò padé. Ohun tí ó kù ni ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù: nǹkan bí ọdún kan ni yóò tún kọjá kí akọ àti abo tó pàdé ní tòótọ́ nínú ẹyin, irúgbìn kò sì ní gbó títí ọdún kejì yóò fi ń lọ sópin.

Ìdádúró yìí ni ó sọ ẹ̀ka páìnì di ìwé ọjọ́-orí. Ní ìgbà ìrúwé, abo tí ó wà ní ṣóńṣó gan-an, tí ó pupa, tí ó sì kéré, ti ọdún náà ni. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ọ̀mùnú tuntun, ti èṣí ni; ṣóńṣó ni òun náà ti yọ, ẹ̀ka ni ó dàgbà kọjá rẹ̀. Èyí tí ó tún wà lẹ́yìn ìyẹn, tí ó ti le bí igi, tí ìpẹ́ rẹ̀ ti là, ti ọdún tí ó ṣáájú èṣí ni. Mẹ́ta lórí ẹ̀ka kan, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Níhìn-ín ni olùkọ́ èdè ní láti ran olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́. Bí olùkọ́ bá sọ pé ‘ṣóńṣó ẹ̀ka ni abo máa ń wà’, ọmọ yóò wo igi, yóò rí ìdì-ìpẹ́ ńlá tí kò sí ní ṣóńṣó, yóò sì gbà pé olùkọ́ ń parọ́ tàbí pé ohun tí òun rí kì í ṣe abo. Ohun tí ó tọ́ ni pé ṣóńṣó ni abo ti máa ń yọ. ‘Wà’ ń sọ ipò ohun kan ní àkókò tí ojú ń rí i. ‘Yọ’ ń sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, lílo ọ̀kan dípò èkejì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú èyí, ó ń sọ òtítọ́ di irọ́.

Bí wọ́n bá wá wo igi náà lódindi, apá òkè, níbi tí ẹ̀ka ti lágbára tí oòrùn sì ti ń rí wọn dáadáa, ni abo pọ̀ sí. Àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ni akọ pọ̀ sí. Agbedeméjì igi a máa ní méjèèjì. ‘Pọ̀ sí’ ni gbólóhùn tí ó tọ́. Ẹni tí ó bá fi ‘nìkan’ kún un ti sọ ohun tí igi kò sọ.

Ìdí tí abo fi gba òkè

Atẹ́gùn ni alárinà páìnì. Kò ní oje dídùn tí yóò fi pe oyin, kò sì ní òdòdó aláràbarà tí yóò fi pe labalábá. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ní àpò afẹ́fẹ́ méjì lára, tí ó mú un fúyẹ́. Atẹ́gùn a sì máa gbé nǹkan lọ sí ẹ̀gbẹ́ ju kí ó gbé e lọ sókè ṣánṣán lọ. Nítorí náà, lẹ́búlẹ́bú tí ó bọ́ lára ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi kan, ó ṣeé ṣe kí ó bá atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ igi mìíràn. Kí ó gun òkè dé ọ̀dọ̀ abo igi tí ó ti ara rẹ̀ jáde ni ó nira. Bí ó bá jẹ́ pé akọ ni ó wà lókè, ńṣe ni lẹ́búlẹ́bú ì bá máa rọ̀ lé abo igi kan náà lórí bí eruku ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ irúgbìn tí páìnì bá fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ bí ni ó máa ń ṣófo, èyí tí ó bá sì hù a máa ṣe aláìlera. Ètò òkè-àti-ìsàlẹ̀ yìí dín irú ìyẹn kù, kò mú un kúrò pátápátá.

Oúnjẹ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Akọ kò pẹ́ láyé, owó tí igi ń ná lé e lórí kò tó nǹkan. Abo yóò jẹun fún ọdún méjì, yóò le, yóò sì bọ́ irúgbìn. Ẹ̀ka tí ó lágbára ni ó lè gbé e. Irúgbìn tí ó sì fò láti òkè yóò jìnnà ju èyí tí ó fò láti ìsàlẹ̀ lọ.

Ohun tí ọmọ àgbẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ọmọ tí ó ti dé oko rí kò wá sí ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ òfo. Ó mọ àgbàdo. Ó mọ òdòdó tí ó yọ lórí rẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀, tí ń gbọn lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Ó sì mọ ọmọ tí àgbàdo pọ̀n sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú irun tí ó yọ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀, àyàfi bí wọ́n bá sọ fún un, ni pé akọ ni ti orí, abo sì ni ti ẹ̀gbẹ́, àti pé irun kọ̀ọ̀kan so mọ́ hóró kan. Olùkọ́ tí ó bá fi àgbàdo ṣíde ti rí ìpìlẹ̀ tí ó dúró. Kí ó sì mọ̀ pé ìpìlẹ̀ náà yóò dojú kọ ọ́ láìpẹ́, nítorí pé òdìkejì ni ti páìnì. Akọ ni ó wà lókè lára àgbàdo. Abo ni ó wà lókè lára páìnì. Ẹni tí ó bá fi ìyàtọ̀ yìí pamọ́ kí ẹ̀kọ́ lè tètè parí ti sọ ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ nù. Ọmọ yóò béèrè pé ṣé àgbàdo kò bẹ̀rù kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ rọ̀ lé ọmọ tirẹ̀ lórí ni. Ìdáhùn wà: àgbàdo fi àkókò ṣe apá kan ètò tirẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú a máa bẹ̀rẹ̀ sí í já kí irun ọmọ tó yọ jáde tán.

Ọmọ náà mọ ìbẹ́pẹ pẹ̀lú. Akọ ìbẹ́pẹ wà lọ́tọ̀, èyí tí ń so wà lọ́tọ̀, àgbẹ̀ a sì máa bẹ́ akọ dànù nígbà tí ó bá ti yọ òdòdó gbọọrọ tí ó fì sílẹ̀. Àwọn igi onídì-ìpẹ́ kan ń ṣe bíi ti ìbẹ́pẹ: igi kan á jẹ́ akọ, èkejì á jẹ́ abo. Bẹ́ẹ̀ ni Taxus baccata tí ó pọ̀ ní àwọn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bìrìtìkó, bẹ́ẹ̀ sì ni Podocarpus tí ó ń hù lórí àwọn òkè gíga Kamẹrúùnù. Fún irú àwọn yìí, ìbéèrè ‘òkè ni tàbí ìsàlẹ̀?’ kò wáyé. ‘Igi wo ni?’ ni ìbéèrè. Òtítọ́ sì ni pé orúkọ náà ìdì-ìpẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bá abo àwọn méjèèjì mu, torí irúgbìn kan ṣoṣo ni ó máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran rírọ̀ lára rẹ̀. Kò sí orúkọ tí kò ní ibi tí yóò ti há.

Láàárín àwọn tí akọ àti abo wọn wà lórí igi kan náà, ìṣe wọn kò dọ́gba. Abies a máa gbé abo rẹ̀ nàró lórí ẹ̀ka òkè bí ẹni tan àbẹ́là, akọ rẹ̀ a sì wà ní abẹ́ ẹ̀ka nísàlẹ̀. Abo Picea a kọ́kọ́ nàró, a wá dorí kodò bí ó ti ń dàgbà. Ti Cupressus ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún jù: ṣóńṣó ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni akọ rẹ̀ ti ń yọ. ‘Akọ ní ìdí ọ̀mùnú’ jẹ́ òfin páìnì, kì í ṣe òfin gbogbo igi onídì-ìpẹ́.

Akọ tí kò le

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù. Ní èdè Yorùbá, akọ kì í ṣe òdìkejì abo nìkan. Akọ òkúta ni òkúta líle. Akọ irin ni irin tí kò ṣeé tẹ̀. Akọ iṣẹ́ ni iṣẹ́ tí ń gba agbára, akọ ibà sì ni ibà tí ń gbé ènìyàn dè. Láàárín ewéko, orúkọ bí akọ rẹ́rẹ́ kò sọ pé ewé náà ń ṣe iṣẹ́ akọ fún rẹ́rẹ́ mìíràn. Irú ewé kan ni orúkọ náà ń dárúkọ. Kò sì jẹ́ ti Yorùbá nìkan. Ohun tí Yorùbá ń pè ní orógbó, namijin goro ni Hausa ń pè é, èyí tí í ṣe akọ obì; orógbó àti obì kò sì jáde láti inú ẹ̀yà igi kan náà. Olùkọ́ èdè mìíràn ní ilẹ̀ Nàìjíríà yóò mọ tirẹ̀.

Kí wọ́n wá gbé ìdì-ìpẹ́ méjì síwájú ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá dénú. Ọ̀kan rọ̀, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bí wọ́n bá fi ìka rún un yóò fọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Èkejì le bí igi, ó wúwo, ìpẹ́ rẹ̀ lè ya ènìyàn lọ́wọ́. Kí wọ́n ní kí ó mú akọ. Èdè rẹ̀ gan-an ni yóò tì í lọ sọ́dọ̀ èyí tí ó le. Abo ni. Wọn kò lè sọ pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ ju bí olùkọ́ ti rò lọ.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n fi iṣẹ́ ṣáájú orúkọ. Àwọn onímọ̀ ewéko òde òní náà a máa fi iṣẹ́ pè wọ́n nínú ìwé wọn: èyí tí ń mú lẹ́búlẹ́bú wá, àti èyí tí ń mú irúgbìn wá. Nítorí náà, ìdì-ìpẹ́ onílẹ́búlẹ́bú àti ìdì-ìpẹ́ onírúgbìn ni ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí ó bá ti rún ọ̀kan tí lẹ́búlẹ́bú ti kún un lọ́wọ́, tí ó sì ti gbọn èkejì tí irúgbìn ti bọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ tó wí pé akọ ni ti àkọ́kọ́, abo ni ti èkejì. Bí ‘akọ’ bá dé lẹ́yìn iṣẹ́, kò ní ráyè mú líle wọlé.

Páìnì tí kì í ṣe páìnì

Ọ̀fìn kan ṣì kù, òun sì ni ó sún mọ́ kíláàsì jù. Páìnì kì í ṣe igi àbínibí ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n gbìn, pàápàá Pinus caribaea àti Pinus oocarpa tí ìlú abínibí wọn wà ní agbègbè Kàríbíánì àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ni ó wà ní irú àwọn ibi bí Àfàká lẹ́bàá Kàdúná, Òkè Jọs àti Òkè Mambilla. Ọmọ Kúbà kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí Pinus caribaea. Pinar del Río, orúkọ ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, ti ara igbó páìnì wá. Ní ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó sún mọ́ agbedeméjì ayé, irú èyí tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá, igi náà lè dàgbà dáadáa kí irúgbìn rẹ̀ má tó nǹkan. Olùkọ́ tí ó bá rí i gbìn lè wà lábẹ́ igi ńlá kí ó má rí ìdì-ìpẹ́ púpọ̀ he.

Ohun tí ó wá pọ̀ ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ ni igi kan tí ó ga, tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, tí ń súfèé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Páìnì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Casuarina equisetifolia ni, ọ̀dọ̀ Ọsirélíà àti àwọn erékùṣù agbègbè rẹ̀ ni ó ti wá, ó sì jẹ́ igi olódòdó. Ohun kékeré róbótó tí ó le, tí ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀, tí ó jọ ìdì-ìpẹ́, ìṣùpọ̀ èso ni. Akọ òdòdó rẹ̀ ń yọ ní ṣóńṣó àwọn ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, abo rẹ̀ ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀ka tí ó ti le: òdìkejì ohun tí ẹ̀kọ́ páìnì sọ. Kíláàsì tí ó bá jáde lọ wo igi yìí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ yóò padà wálé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìwé ṣì í kọ, tàbí kí olùkọ́ fi agbára mú wọn rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò gba ju ìka méjì lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ já ohun tí ó rí bí abẹ́rẹ́ náà. Ewé páìnì máa ń hù ní ìdìpọ̀ láti ojú kan, méjì méjì lára Pinus sylvestris, mẹ́ta mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà lára Pinus caribaea. Bí wọ́n bá fà á, yóò já lódindi tàbí kí ó ṣẹ́. Ti igi tí ń súfèé ní oríkèé. Bí wọ́n bá rọra fà á, yóò yọ ní oríkèé kan, eyín wẹ́wẹ́ yóò sì hàn yí ibi tí ó ti yọ ká; eyín wọ̀nyẹn ni ewé rẹ̀ gan-an, ẹ̀ka sì ni ohun tí wọ́n ti ń pè ní ewé láti àárọ̀. Lẹ́yìn ìdánwò yìí ni kí olùkọ́ tó béèrè ibi tí akọ àti abo ti yọ.